Fíìmù ayé àtijọ́ ti gbà mí lọ́kàn, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí sì ni kí n ṣe sí agolo fíìmù bàbá bàbá mi?

Àbẹ̀kẹ́_Rẹ́mọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ wo nǹkan míì lórí fóònù ju fíìmù àwọn ará àtijọ́ lọ, àwọn tí ò ní ohùn yẹn, tó jẹ́ dúdú àti funfun. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé mo ṣèèṣì rí ọ̀kan tí ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń jáde lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn obìnrin da ìborùn borí, àwọn ọkùnrin dé fìlà, àwọn ọmọdé pọ̀ níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n wà nílé ìwé, gbogbo wọn sì ń wo kámẹ́rà. Ọmọbìnrin kan wá dúró, ó wò mí lójú kòrókòró, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ẹni yẹn á ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ tó bí náà á ti kú, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Ṣàgámù. Mo wò ó tó ìgbà mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọkọ mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó ní ńṣe ni wọ́n ń sáré kítikìti bí èèrà. Ìyẹn ni ìbéèrè mi àkọ́kọ́, kí ló dé tí wọ́n ń rìn báyẹn? Èkejì, ibo lèèyàn ti ń rí ojúlówó ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èyí tí mò ń rí, wọ́n ti kun àwọ̀ sí i, wọ́n sì ti fi orin tí ò bá a mu sí i. Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù. Bàbá bàbá mi bá ìjọba ṣiṣẹ́ lórí mọ́tò sinimá kí Nàìjíríà tó gbòmìnira, wọ́n máa ń gbé e lọ sáwọn abúlé, wọ́n á ta aṣọ funfun, gbogbo ìlú á jókòó sílẹ̀. Agolo pẹlẹbẹ méje ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn nílé wa ní Rẹ́mọ, méjì nínú ẹ̀ ń rùn bíi fínígà. Àbúrò bàbá mi fẹ́ tún ilé yẹn ṣe lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ti ní ká kó gbogbo pàǹtí inú yàrá yẹn dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n_Alágolo

Àbúrò, ká tó sọ nǹkan míì, ẹ pe àbúrò bàbá yín lónìí, ẹ ní kí wọ́n má da agolo kankan nù, kí ẹnikẹ́ni má sì finá sí i. Iṣẹ́ tí mo fi jẹun fún ọdún tó pọ̀ nìyí, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti sun fíìmù mọ́ pàǹtí. Fíìmù tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́un, èyí tí wọ́n ń pè ní nitrate, bó bá gbiná, kò sẹ́ni tó lè pa á. Ó ń pèsè afẹ́fẹ́ tí iná ń jẹ fúnra ẹ̀, ẹ rì í sómi, á ṣì máa jó. Ẹ wá rántí pé lẹ́yìn nǹkan bí 1951 ni wọ́n tó jáwọ́ nínú ṣíṣe é. Mi ò rò pé tiyín á jẹ́ nitrate, torí mọ́tò sinimá, fíìmù tó tẹ́ẹ́rẹ́, oní mílímítà 16, ni wọ́n sábà máa ń lò, wọn ò sì fi nitrate ṣe ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1923. Àmọ́ ká má fi “mi ò rò pé” ṣe iṣẹ́. Ẹ mú rúlà, ẹ wọn fífẹ̀ fíìmù náà. Ẹ wo etí ẹ̀ bóyá wọ́n kọ SAFETY síbẹ̀. Ẹ padà wá sọ fún wa.

Lórí sísáré, ẹ̀bi fíìmù kọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà nígbà yẹn, bíi àwòrán 16 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń yà, ó sì lè yàtọ̀ láti orí ẹnì kan sí ẹlòmíì. Ìgbà tí fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ gbòde, láti 1927 lọ, ni wọ́n fi í sí 24 fún gbogbo ayé. Tẹ́ ẹ bá wá fi 24 gbé ohun tí wọ́n yà ní 16 jáde, ẹni tó ń rọra lọ á di ẹni tó ń sáré. Lórí YouTube, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yí eré ẹ̀ padà, ẹ gbé e sí 0.75, kẹ́ ẹ wá pe ọkọ yín kí wọ́n tún un wò.

Tìámíyù_Ọ̀kẹ́ẹ́rẹ́

Èmi á ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Auguste àti Louis Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Lyon. Ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 1895 ni wọ́n kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ èrò láti fi fíìmù hàn wọ́n, nínú yàrá kan nísàlẹ̀ Grand Café ní Paris, franc kan lẹnì kan san, èèyàn tó wá ò ju bíi 33 lọ. Fíìmù mẹ́wàá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó ìṣẹ́jú kan. Inú àpótí igi kan náà tí wọ́n fi yà á ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, òun náà ni wọ́n fi tàn án sára aṣọ, àpótí tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́ kiri. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọṣẹ́ wọn fi tètè tàn ká ayé ju ti Edison lọ, torí kámẹ́rà ti Edison ní Amẹ́ríkà tóbi bí ẹrù, èèyàn kan ṣoṣo ló sì ń yọjú wo inú àpótí tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bí mo ṣe ń wò ó ni pé mo máa wo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́, mo kàn wò ó. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo máa ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá, ẹni tí wọn ò torí ẹ̀ gbé kámẹ́rà wá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo máa ń wo ilẹ̀, igi, ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nínú ọ̀kan lára fíìmù ọjọ́ yẹn, tọkọtaya ń fún ọmọ lóúnjẹ, ẹ̀yìn wọn ewé ń mì. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jù nígbà yẹn nìyẹn, ewé yẹn, torí wọ́n ti ń wo tíátà tí igi inú ẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n kùn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ sì máa gbọ́ ìtàn pé fíìmù ọkọ̀ ojú irin kan dé, àwọn èrò fò dìde, wọ́n sá jáde. Ọkọ̀ ojú irin yẹn ò sí lára mẹ́wàá alẹ́ àkọ́kọ́, àwọn tó ń kọ ìtàn sinimá ò sì rí ẹ̀rí tó múná fún sísá yẹn. Ẹ má bá wọn tún un sọ.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé mo mọ ilé tí fíìmù yín ti wá! Àwọn ọkùnrin méjì kan wà ní Blackburn, Sagar Mitchell àti James Kenyon, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n lọ dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ní àkókò tí òṣìṣẹ́ bá ń jáde. Ohun tó fà á tí gbogbo èèyàn fi ń wo kámẹ́rà nìyẹn, wọ́n ti sọ fún wọn pé lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì, níbi ìpàtẹ, wọ́n lè wá sanwó wo ara wọn. Bí ojú bá ṣe pọ̀ tó nínú fíìmù ni tíkẹ́ẹ̀tì á ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà ọmọbìnrin yẹn ò ṣèèṣì rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ pé òun máa rí ara òun.

Bí wọ́n ṣe rí wọn ló máa ń pa mí lẹ́kún. Ní 1994, wọ́n ń tú ṣọ́ọ̀bù kan ní Blackburn, wọ́n bá dúrọ́ọ̀mù irin mẹ́ta nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, fíìmù tó wà nínú ẹ̀ tó 800, ojúlówó tí wọ́n fi kámẹ́rà yà, nitrate pọ́nńbélé. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n kó o dànù. BFI, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú fíìmù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tún un ṣe. Mo lọ wo díẹ̀ nínú ẹ̀ ní London níbi tẹ́nì kan ti ń lu dùùrù sí i, nígbà tó parí mi ò lè dìde. Torí náà ẹ lọ sí ojú òpó BFI, ẹ wá orúkọ àwọn méjèèjì yẹn, ibẹ̀ lẹ máa ti rí i ní eré tó yẹ ẹ́.

Káyọ̀dé_Oakland

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ tèmi torí ó pẹ́ tí mo ti ń wá ibi tí màá ti sọ ọ́. Fíìmù kan wà tí wọ́n so kámẹ́rà mọ́ iwájú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi okùn irin fà ní Market Street ní San Francisco, ọkọ̀ yẹn ń lọ tààrà sí ilé aago tó wà létí omi, gbogbo nǹkan ń kọjá níwájú ẹ̀, ẹṣin, kẹ̀kẹ́, mọ́tò àkọ́kọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyí, àwọn ọmọdé tó ń sáré gba iwájú ẹ̀, kò sí iná ìdarí ọkọ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó rìn, bíi Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé 1905 ni wọ́n yà á. Ọkùnrin òpìtàn kan, David Kiehn, ò gbà. Ó wo omi tó dúró lójú títì, ó lọ wo ìwé ìròyìn láti mọ ìgbà tí òjò rọ̀, ó wo nọ́ńbà mọ́tò kan, ó lọ wá ìgbà tí wọ́n forúkọ mọ́tò yẹn sílẹ̀. Ó wá já sí pé nǹkan bí oṣù Kẹrin 1906 ni, ọjọ́ díẹ̀ péré kí ilẹ̀ tó mì tìtì ní San Francisco lọ́jọ́ 18 oṣù yẹn tí iná sì jó ìlú náà. Wọ́n ti fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí New York lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìyẹn ló jẹ́ kó yè.

Lẹ́yìn tí mo mọ ìyẹn, mi ò lè wo ó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo máa ń wo ọmọ kan tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, mo máa ń bá a gbàdúrà, mo mọ̀ pé àdúrà náà ti pẹ́ jù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ máa wádìí ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti ya èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn, ẹ wo pátákó ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo òjìji bóyá àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́. Ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, ti kó púpọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, torí pé títí di 1912 òfin ò ka fíìmù sí ohun tí èèyàn lè fi ẹ̀tọ́ ẹ̀ pamọ́, fọ́tò nìkan ló kà, làwọn tó ni ín bá ń tẹ gbogbo àwòrán inú fíìmù sórí bébà gígùn, wọ́n ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ bíi fọ́tò. Fíìmù jóná, bébà ò jóná. Èyí tí wọ́n gbà là lọ́nà yẹn lé ní 3,000.

Dámọ́lá_HD

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bínú sí àwọ̀ yẹn, èmi o, òun ló mú mi wọ inú ẹ̀. Ìgbà tí mo rí Paris àtijọ́ tó mọ́ kedere, tí aṣọ ní àwọ̀, ni mo tó gbà pé èèyàn gidi ni wọ́n. Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Alágolo

Dámọ́lá, mi ò bínú sí ẹ, ọ̀nà tó bá gbé èèyàn dé ilé, ọ̀nà ni. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò. Kọ̀ǹpútà ló ń méfò pé aṣọ obìnrin yẹn pupa, kò sẹ́ni tó mọ̀. Láàárín àwòrán méjì tí kámẹ́rà yà, ó ń fi ọgbọ́n orí ẹ̀ ya àwọn míì sí i kó lè máa yọ̀ mọ́lẹ̀. Ojú tí ò hàn dáadáa, ó ń mọ ojú tuntun lé e. Ẹ wo ọmọbìnrin Àbẹ̀kẹ́ yẹn, bí kọ̀ǹpútà bá tún ojú ẹ̀ ṣe, ojú ẹlòmíì lẹ̀ ń wò yẹn.

Wọ́n sì ní àwọ̀ tiwọn nígbà yẹn o! Wọ́n máa ń rẹ fíìmù sínú aró, búlúù fún òru, pupa fún iná, àwọ̀ oyin fún inú ilé tí àtùpà wà. Àwọn míì, obìnrin ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Georges Méliès tó ń pidán kó tó di onífíìmù ṣe fíìmù kan nípa ìrìn àjò sínú òṣùpá ní 1902, wọ́n kun ẹ̀dà kan báyẹn, ẹ̀dà yẹn sọnù títí wọ́n fi rí i ní Barcelona ní 1993, ó ti lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀ṣùṣù ọwọ̀, ọdún 2011 ni wọ́n tó lè fi hàn ní Cannes. Ẹ wo ìyẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́ àwọ̀. Méliès fúnra ẹ̀ ti fi ìbànújẹ́ dáná sun fíìmù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1923, ó sì ta ohun ìṣeré ọmọdé nínú ibùdókọ̀ ojú irin kan ní Paris.

Rónkẹ́_Chicago

Ẹ dárò ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Àbẹ̀kẹ́, bẹ́ ẹ ṣe ń wá kiri, ẹ máa pàdé èèyàn dúdú, inú yín ò ní máa dùn ní gbogbo ìgbà. Ní 1897 àwọn Lumière ya fíìmù àwọn ará Ashanti tí wọ́n kó wá sí Lyon tí àwọn òyìnbó ń sanwó wá wò bí ẹranko. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo wo ojú wọn, mo pa á. Mi ò ní kẹ́ ẹ má wò ó, mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo ti Saint Suttle àti Gertie Brown, wọ́n yà á ní ìlú mi níbí ní 1898, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ọkùnrin dúdú àti obìnrin dúdú múra dáadáa, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún fẹnu ko ara wọn. Ìfẹ́ ni, kò sí ẹni tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ọdún 2017 ni wọ́n tó rí i. Oscar Micheaux náà, onífíìmù tó jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, fíìmù ẹ̀ ti 1920 tó fi dá àwọn tó ń pa wá lóhùn, orílẹ̀-èdè Sípéènì ni wọ́n ti rí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti di èdè Sípáníìṣì. Fíìmù ẹ̀ àkọ́kọ́, ti 1919, kò sẹ́ni tó tíì rí i. Nínú gbogbo fíìmù gígùn aláìlóhùn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 70 nínú 100 ló ti parẹ́, ìwádìí tí Library of Congress gbé jáde ní 2013 ló sọ bẹ́ẹ̀. Torí náà agolo méje yẹn, ẹ jọ̀ọ́ mà.

Àbẹ̀kẹ́_Rẹ́mọ

Ẹ ṣé gan-an, ẹkún ti ń gbọ̀n mí. Mo ti pe wọ́n, wọ́n ní kò burú, àwọn á fi sílẹ̀ títí n ó fi dé. Mo lọ sílé lánàá. Mílímítà 16 ni gbogbo ẹ̀, SAFETY wà létí ẹ̀, mo tún rí àmì kékeré níbẹ̀, róbótó kan àti igun mẹ́ta kan. Méjì tó ń rùn ti ká bíi ṣùkù, ìdérí agolo ti dípẹtà. Ọkọ mi ti fi 0.75 wo ti géètì yẹn, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní “wọ́n ń rìn o.”

Ẹ̀gbọ́n_Alágolo

Ọpẹ́ o. SAFETY túmọ̀ sí pé kò ní gbiná bíi nitrate. Àmì yẹn, Kodak ló fi ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe fíìmù náà, ẹ wá àtẹ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ mọ̀ pé àmì kan náà máa ń padà wá lẹ́yìn 20 ọdún, torí náà ẹ fi ọdún tí bàbá ṣiṣẹ́ gbè é lẹ́sẹ̀. Àmì yẹn sì lè jẹ́ ti fíìmù tí wọ́n tẹ ẹ̀dà sí, kó má jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán.

Òórùn fínígà yẹn, àìsàn fíìmù acetate ni, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ṣe fíìmù SAFETY yìí, ooru àti ọ̀rinrin ló ń fà á, ó sì ń ran fíìmù míì. Ẹ yọ méjì yẹn kúrò láàárín àwọn márùn-ún, ẹ gbé wọn sí yàrá míì lónìí. Ẹ má dì wọ́n sínú nylon pinpin, afẹ́fẹ́ burúkú yẹn ní láti jáde. Ẹ gbé e sílẹ̀ pẹlẹbẹ, kó má kan ilẹ̀, níbi tó tutù jù nínú ilé, abẹ́ páànù ò dáa rárá. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tó bá wà lára agolo, bébà tó bá wà nínú ẹ̀ náà, ẹ má yọ ọ́ nù. Ẹ dì í mú létí, ẹ má tú u ju apá kan lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ projẹ́kítọ̀ àtijọ́ tó ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká dán an wò, ẹ ní ó ti o. Fíìmù yẹn ti sún kì, eyín ẹ̀rọ á ya ihò ẹ̀ láti orí dé ìdí. Kí àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ló máa fọwọ́ kàn án. Ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba wà ní Jos. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí fíìmù tó ń jẹ́ Shaihu Umar ti 1976 tí gbogbo èèyàn rò pé ó ti nù, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi hàn ní Berlin ní 2018. Kẹ́ ẹ tó gbé agolo fún ẹnikẹ́ni, ẹ gba ìwé.

Àlàbí_Ìsàlẹ̀_Èkó

Mo ti ń kà yín láti òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé kún un. Oṣù Kẹjọ 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá hàn l'Ékòó, ní Glover Memorial Hall, ilé iṣẹ́ kan láti Barcelona ló gbé e wá, Herbert Macaulay sì lọ́wọ́ sí i. Ọdún méje àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ti Grand Café péré! Àwọn bàbá ńlá wa ò pẹ́ kí wọ́n tó rí i.

Ti mọ́tò sinimá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera l'Ékòó, ló ti ń fi fíìmù kìlọ̀ fáwọn èèyàn nípa eku àti àrùn tó ń kó ràn. Nígbà tí ogun dé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, ẹ̀ka tó ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀. Fíìmù wọn, ọ̀pọ̀ ò ní ohùn kankan. Ẹnì kan ló máa ń dúró ti aṣọ funfun pẹ̀lú máíkì, á máa fi èdè ìlú ṣàlàyé ohun tó ń lọ. Ní Jàpáànù wọ́n ní irú ẹ̀, benshi ni wọ́n ń pè wọ́n, òkìkí àwọn míì ju ti òṣèré lọ. Àbẹ̀kẹ́, kí ni iṣẹ́ bàbá bàbá yín gan-an nínú mọ́tò yẹn? Awakọ̀ àbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀? Torí tó bá jẹ́ pé àwọn ló ń sọ̀rọ̀, ìdajì fíìmù yẹn ò sí nínú agolo, ẹnu wọn ló wà, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ ní kékeré lè ṣì rántí ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Rẹ́mọ

Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, mo bi bàbá mi lálẹ́ yìí lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá àwọn ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ohùn wọn yí padà pátápátá: “Ẹ wo ọwọ́ obìnrin yìí, ẹ wo bó ṣe ń fọ ọ́, ẹ má yọ ọmọ yín sílẹ̀, ẹ fọ tirẹ̀ náà.” Ẹni ọdún méje ni wọ́n nígbà náà, wọ́n máa ń jókòó sábẹ́ mọ́tò. Mo sáré wá nǹkan tí màá fi ká ohùn náà sílẹ̀, kí n tó rí i wọ́n ti parí. Mo ti ra ike tó máa gba agolo márùn-ún, mo lu ihò sí i. Láàárọ̀ Sátidé mò ń lọ bá wọn ní Rẹ́mọ, mo máa ká ohùn wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo kọ̀ọ̀kan, bóyá orúkọ tó wà lára ẹ̀ á rán wọn létí èyí tó kù. Mo máa gbé fọ́tò agolo wá síbí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.